Àdìpọ̀ Kamaráàdì Souradjou

Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò gùn, àmọ́ ọ̀gá kan wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá sì ti wà nínú rẹ̀, ó máa ń fẹ́ gùn. Èmi ni n óò máa gé e.

Ní ayé Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kamaráàdì, tí àwọn kamaráàdì kan ń jókòó sórí àga onítìmùtìmù, tí àwọn kamaráàdì yòókù sì ń jókòó sílẹ̀, wọ́n gbé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Souradjou wá sí Tchaourou. Wọ́n fi í ṣe Alábòójútó Àgbà fún Àwòrán àti Ohùn fún Àǹfààní Ọ̀pọ̀ Ènìyàn. Iṣẹ́ náà kò sí tẹ́lẹ̀. Kí ó tó dé, a kò mọ̀ pé a kò ní i. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé oyè náà kúrú. Obìnrin kan ní Goro pè é ní tonton Souradjou lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe ń pe àwọn àbúrò bàbá wa, Souradjou sì ní kí wọ́n kọ ìwé ìbáwí sí gbogbo abúlé náà. Wọ́n kọ ọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀wé kà níbẹ̀, inú wọn sì dùn gan-an pé ìjọba rántí wọn.

Ohun tó ń bójú tó kò ju tẹlifísọ̀n kan ṣoṣo lọ. Orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ kan ló fi ta wá lọ́rẹ, pẹ̀lú ẹ̀rọ iná, ẹ̀rọ fídíò, àti kásẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n gbé e sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn gáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, wọ́n sì ri ọ̀pá gíga kan mọ́lẹ̀ lóde láti máa mú àwòrán. Láti Alafiarou títí dé Goro, kò sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká má parọ́ fún ara wa. Kí ni ará oko ń wá nídìí tẹlifísọ̀n ní ọjọ́ Àìkú? Bọ́ọ̀lù ni. Souradjou mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀, ìbá sì sàn fún wa bó bá jẹ́ òmùgọ̀, nítorí òmùgọ̀ kì í ní ètò. Souradjou ní ètò. Ó pè é ní Àdìpọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ni ẹ ó rà, iṣu márùn-ún tó nípọn ni owó rẹ̀, ilé méje ló sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ilé kìíní jẹ́ ti ọ̀rọ̀ Souradjou. Ilé kejì jẹ́ ti ìdúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ náà, láti ẹnu Àlúkò akọ̀wé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi kásẹ́ẹ̀tì han yín, níbi tí katakata kan ti ń rìn lórí yìnyín, tí ẹnì kan sì ń fi èdè tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Wọn yóò wá fi ìròyìn ojú òkun hàn, kí àwa tí a jìnnà sí òkun ní ìrìn odindi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ lè mọ̀ bóyá kí a gbé ọkọ̀ ojú omi wa jáde lọ́la. Ẹ ó dìde kọrin. Ẹ ó jókòó fún ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́, ẹni tó sọ ọ́ náà ni yóò sì tú u palẹ̀. Ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù yóò kàn. Bí ẹ bá jókòó parí ohun kan, Àlúkò á lu òǹtẹ̀ sínú ilé rẹ̀. Bí òǹtẹ̀ kan bá ṣaláìsí, ilẹ̀kùn tì nìyẹn.

N kò ní fi àbòsí sọ ọ́: Àdìpọ̀ ní olólùfẹ́ kan. Tonton Karimou, àgbẹ̀ kan láti Alafiarou, kò rí òkun rí, kò sì ní kí wọ́n ta òkun fún òun. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi dandan tà á fún un, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbì wo ló ga, afẹ́fẹ́ wo ló ń bọ̀, ó mọ gbogbo rẹ̀, ó sì ń ṣàníyàn nítorí àwọn apẹja bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n. Souradjou a máa tọ́ka sí i nígbà gbogbo. Ó ní, "Ẹ wò ó. Bí mo bá ń ta á lọ́kọ̀ọ̀kan ni, níbo ni ọkùnrin yìí ì bá ti mọ òkun?" 

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni tata Maïmounatou, tí a ń pè ní Ìyá Alidou, tó ń ta iṣu ní gáà, tútù àti sísun. Alidou ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ó ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, títí wọ́n fi mú un sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ tó ti wọ ọkọ̀ náà, ìyá rẹ̀ kò fojú kàn án. Bàbá Alidou wà lórí ẹní àìsàn, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò fún un lómi bí obìnrin náà bá rin ìrìn-àjò. Alidou ń fi ọṣẹ ránṣẹ́, ó ń fi aṣọ ránṣẹ́, àmọ́ ta ní í rí ojú ọmọ rẹ̀ lára ọṣẹ?

Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé Alidou yóò wà nínú ìdíje ọjọ́ Àìkú ìparí oṣù, tí yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà ìrun Aláásárì, tí tẹlifísọ̀n yóò sì fi hàn, ó lọ sí ọ́fíìsì Souradjou.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kamaráàdì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú ìparí oṣù. Bọ́ọ̀lù yẹn nìkan ni mo fẹ́ rà."

Àlúkò rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àsìkò ẹ̀rín, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Souradjou dìde dúró. Bó bá fẹ́ bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ó máa ń dìde, kí ẹni náà lè mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

"Kamaráàdì Maïmounatou, ẹ ní 'nìkan'. Ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́, àwa kọ́. Nìkan ni àwọn amúnisìn fi pín wa. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan lónìí, lọ́la yóò ní òun fẹ́ ọ̀nà láìfẹ́ iṣẹ́ ọ̀nà, yóò ní òun fẹ́ Rẹfolúsíọ̀n láìfẹ́ ìpàdé. Bí mo bá ń ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò ra katakata? Ta ni yóò ra ìtúpalẹ̀? Bọ́ọ̀lù ló gbé gbogbo wọn dání, bí iṣu ńlá ṣe ń gbé kéékèèké dání nínú òkìtì tí ẹ̀yin alára ń tà."

"Òótọ́ ni pé òkìtì ni mò ń tà," ni Ìyá Alidou wí. "Ńlá á wà níwájú, kékeré á wà lẹ́yìn, gbogbo ayé ló sì mọ̀. Àmọ́ bí èrò ọkọ̀ bá nawọ́ jáde lójú fèrèsé, tó ní ẹyọ kan lòun fẹ́, ẹyọ kan ni mo máa ń fún un. N kì í sọ fún un pé àfi kó ra àpótí tí mo jókòó lé mọ́ ọn, kó sì gbọ́ ìtàn bí mo ṣe bímọ."

Ọ̀rọ̀ náà dára. Nítorí náà Àlúkò kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn. Ìyá Alidou san iṣu márùn-ún bí gbogbo ayé ṣe ń san án.

Àlúkò ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún obìnrin yẹn, ó yẹ kí ẹ tún un sọ lọ́jọ́ Àìkú."

"Ṣé ó jinlẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo yọjú wò ó."

Souradjou mi orí. Òun náà ti rí i pé ó jinlẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń da Àdìpọ̀ rú. Ní Tchaourou, a kì í wo aago. Aago gáà gan-an ti kú kí wọ́n tó bí mi. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ni aago wa. Bí ọkọ̀ Kútọnu bá ti fọn ọ́n lókèèrè, àwọn obìnrin á gbé iṣu sórí, ẹni tó ń retí ẹrù á sáré, ẹni tó wà lóko á mọ̀ pé ìrun Aláásárì kù díẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, àárín ìtúpalẹ̀ gan-an ni fèrè náà máa ń bọ́ sí. Gbọ̀ngàn á tú pátápátá, á ku Souradjou, Àlúkò, àti tonton Karimou tó ń sùn.

Souradjou ránṣẹ́ pe Adéyẹmí, ọ̀gá gáà, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó fẹ́ràn ìwé òfin iṣẹ́ rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

"Láti òní lọ, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fọn fèrè mọ́ ní Tchaourou."

"Kamaráàdì, òfin ní kó fọn ọ́n, kí ènìyàn àti ẹran lè yà lọ́nà."

"Ṣé fèrè náà ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú wa?"

Adéyẹmí ní òun kò rò bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tí kò ní káàdì ẹgbẹ́ ló wá ń dá ìpàdé wa rú."

Adéyẹmí ronú díẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i." Souradjou fẹ́ràn ìbuwọ́lù rẹ̀ bí abiyamọ ṣe ń fẹ́ràn ọmọ titun. Ó fọwọ́ sí i níbi mẹ́ta.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ojú irin ti ń yọ́ wọ ìlú bí ẹni tó pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí. Iṣu ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ìtúpalẹ̀ kún fọ́fọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé dé. Kamaráàdì Tidjani, Olùbẹ̀wò láti Kútọnu, ń bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ wo Àdìpọ̀ tí wọ́n ń ròyìn. Ọkọ̀ ọjọ́ Àìkú ni yóò bá dé, ọjọ́ bọ́ọ̀lù yẹn gan-an. Souradjou kò sùn fún ọjọ́ méjì, ayọ̀ ni. Ó ní kí wọ́n yan awó ogún. Ó ní kí àwọn ọmọ iléèwé mú àsíá. Ó wá pe ìlú jọ, ó ní:

"Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tìtorí àlejò pàdánù Àdìpọ̀. A ó jókòó nínú gbọ̀ngàn, tàsíá tàsíá, tawó tawó. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, gbogbo wa á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì lọ pàdé Olùbẹ̀wò bí ẹnì kan ṣoṣo."

Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé fèrè ti kú. Kò sí ẹni tó wí nǹkan kan. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé, bí ẹni pé ẹ kò gbé ayé yẹn rí. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé láti ọjọ́ yìí wá, inú ìwé ẹ̀sùn ni gbogbo rẹ̀ wà. Adéyẹmí nìkan ló nawọ́ sókè. Souradjou ní ìbéèrè wà fún ìtúpalẹ̀. Adéyẹmí rọ ọwọ́ sílẹ̀. Ó ti ṣe tirẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ìyá Alidou wé ìborùn funfun, ó jókòó níwájú. Ó gba òǹtẹ̀ ti ọ̀rọ̀, ti ìdúpẹ́, ti katakata, ti òkun, ti orin. Ó ku ẹyọ kan kó tó rí ọmọ rẹ̀. Souradjou bẹ̀rẹ̀ ìtúpalẹ̀, ó ní òun yóò pín in sí ìsọ̀rí mẹ́sàn-án.

Ìsọ̀rí kejì ni wọ́n wà nígbà tí ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá Alidou. Ogún ọdún ló ti ń ta iṣu ní gáà. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Ẹrù iṣu rẹ̀ wà níbẹ̀, títà ọjọ́ náà ni wọn yóò sì fi ra oògùn Bàbá Alidou. Ọkàn rẹ̀ gé sí méjì. Ó wò ó pé ìsọ̀rí méje ṣì kù, ó sì dìde.

Àlúkò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Níbo?"

"Ọkọ̀ ti dé. Mo ń bọ̀ kíákíá."

"Kò fọn fèrè."

"Ilẹ̀ ń gbọ̀n."

"Ilẹ̀ kò sí nínú ètò. Ẹni tó bá jáde kò ní òǹtẹ̀ kẹfà."

Ó jáde.

Ní gáà, ọkùnrin ńlá kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò awọ àti ẹ̀rín tó ti múra sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ó gbé ẹ̀rín náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Adìẹ méjì ló wà níbẹ̀, àti Ìyá Alidou. Ó wo ẹ̀yìn, bóyá òdì kejì ni wọ́n tò sí. Ẹ̀rín náà rẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e sọ̀.

"Tata, ṣé Tchaourou nìyí?"

"Òun ni, tonton. Ẹ kú àbọ̀."

"Àwọn ènìyàn ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú Àdìpọ̀."

Ebi ń pa á. Ó ní kí ó fún òun ní iṣu sísun, ẹyọ kan. Ó fún un ní ẹyọ kan. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni Ìyá Alidou ń tajà fún àwọn èrò tó kù, tó sì ń dáhùn ohun tó ń bi í léèrè. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ilé méje, katakata, fèrè, Alidou. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, àwọn méjèèjì jọ gba ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Àlúkò na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. "Tata, òǹtẹ̀ kẹfà yín kò sí. Bàbá, tiyín kò tilẹ̀ sí ọ̀kan."

"Èmi ni Kamaráàdì Tidjani, Olùbẹ̀wò."

Àlúkò fi àánú wò ó. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni Olùbẹ̀wò ń bá bọ̀, ọkọ̀ kò sì tíì fọn fèrè."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ ni."

"Bàbá, bó bá dé, a ó gbọ́. Ẹ lọ fẹ́ra lábẹ́ igi."

Wọ́n lọ dúró lábẹ́ igi kajú tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Nínú ilé, ohùn Souradjou ń lọ geere. "Ìsọ̀rí karùn-ún. Kí ni Olùbẹ̀wò yóò rí nígbà tó bá dé? Yóò rí ìlú tó wà ní ìmúrasílẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe ìrun Aláásárì lókèèrè, Ìyá Alidou sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu.

Ó ní, "Ó ti wà lórí pápá báyìí," omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò ké. Ó kàn ń fi etí ìborùn nù ún, ó tún ń bọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé omijé náà ló bí Olùbẹ̀wò nínú. Ọ̀gá ni. Ohun tó bí i nínú ni òórùn awó yíyan ogún tó ń gba ojú fèrèsé jáde, tí wọ́n yàn nítorí rẹ̀, tí òun sì dúró níta. Ó ju àpò sílẹ̀, ó gba ojú fèrèsé wọlé. Ìdajì rẹ̀ wọlé.

 Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí orí, apá méjì, àti ìdajì ikùn kan tó wà lójú fèrèsé.

Souradjou ní, "Kamaráàdì, níbí yìí, a kì í gba ìdajì. Odindi ni."

Adéyẹmí dìde. "Ẹ má bínú. Olùbẹ̀wò nìyẹn, mo mọ̀ wọ́n."

"Kò lè jẹ́ òun. Ọkọ̀ kò tíì fọn..." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dúró sí. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó dúró.

Àwọn ọmọ iléèwé ti gbọ́ Olùbẹ̀wò, ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n sì ṣe. Wọ́n dìde, wọ́n ju àsíá, wọ́n kọ orin ìkíni fún ìdajì ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ẹsẹ mẹ́rin. Kò sí ẹni tó fà á wọlé kí orin tó parí, nítorí kò sí nínú ètò.

Nígbà tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó bi wọ́n pé, "Ta ló pa fèrè?"

Souradjou ní, "Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, Kamaráàdì. Ìfẹ́ wọn ni."

Adéyẹmí fa ìwé yọ lápò, ó sì fi ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án. Ìbuwọ́lù náà dára gan-an, ó ṣeé kà.

Ìdájọ́ kò pẹ́. Wọn kò lé Souradjou lọ. Olùbẹ̀wò kàn pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò máa ta ohun gbogbo, iṣu tí wọ́n bá fi ra ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ni Souradjou yóò sì máa jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó já sí. Ó kọ́kọ́ ta ọ̀rọ̀ ní iṣu kan. Ó sọ ọ́ di ìdajì iṣu. Ó fi ṣe ọ̀fẹ́. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ń gbé iṣu sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Tonton Karimou yà wọlé lọ́jọ́ kan, ó bèèrè bóyá òkun wà nínú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àlúkò kò wá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù, ẹ̀rù ń ba òun.

Ká padà sí ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ẹnì kan ti tan tẹlifísọ̀n. Bọ́ọ̀lù ń lọ níbẹ̀. Àmọ́ iwájú rẹ̀ gan-an ni Olùbẹ̀wò dúró sí, ó gbé awó kan lọ́wọ́, ó ní kí òun tó jókòó, òun yóò sọ gbólóhùn díẹ̀ nípa ìwà burúkú àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ gígùn dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ó ní òun yóò pín in sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Gbogbo wa wo ilẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. A kò mọ nǹkan mìíràn í ṣe.

Ìyá Alidou wọlé. Kò sí ẹni tó bèèrè òǹtẹ̀. Ó rìn gba àárín wa kọjá, àárín àwọn àsíá, títí tó fi dé iwájú. Kò kúnlẹ̀.

Ó ní, "Tonton, ẹ sún. Ẹ dí mi lójú."

Àlúkò na ọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, ó wo Souradjou, ó wo Olùbẹ̀wò, kò mọ ẹni tí òun yóò kọ ọ́ fún. Olùbẹ̀wò la ẹnu. Ó wo obìnrin tó fún un ní ẹyọ iṣu kan. Ó sún.

A wá rí pápá náà. Alidou kò sí lórí rẹ̀. Àwòrán ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù sókè sódò, Ìyá Alidou sì ń wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́. Wọ́n wá fi àwọn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá hàn, àwọn tí wọn kò tíì pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń mu omi níbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì gbójú sókè. Ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù wọlé lórí pápá, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, ariwo bo ilé, àwòrán sì ti kúrò lára ọmọ náà. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Alidou ni mo gbọ́ ohun tó sọ.

Ó ní, "Alidou ti hu irùngbọ̀n."